Kí Ẹ Tó Fín Oògùn sí Kòkòrò Yẹn

Ẹ̀yin àgbà wa tí orúnkún ń dùn, ṣé ẹ ń rìn díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ bí a ṣe jọ sọ ọ́?

Lónìí, n kò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, n kò sì ní sọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà. Kòkòrò ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dé wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé kí ó tó parí. Èmi gan-an tí mo máa ń gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn lórí ojú ewé yìí, mo jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Ìyá mi ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Apá Mọníyà ni wọ́n ń gbé, níbi tí Ìbàdàn ti ń tán lọ. Wọn kì í jókòó lásán. Ilẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n fi ń ṣe oko: ilá díẹ̀, ata, ẹ̀gẹ́ bí ogún ìdí, àti elégédé tí a ń já ewé rẹ̀ jẹ, ìyẹn gbọ̀rọ̀. Lọ́dún tí mo ń wí yìí, gbọ̀rọ̀ náà fà débi pé ó bo ilẹ̀ bí ẹní. Ó tanná gidigidi, òdòdó ńláńlá aláwọ̀ ìyeyè. Ṣùgbọ́n elégédé kò so. Èyí tó bá yọ bí ọmọ ìka, kò ní ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí yóò fi ràrò, tí yóò rọ, tí yóò sì jábọ́.

Ìyá mi pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ìyá Tolú, ojú ayé ti wọ oko mi o."

Mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Kòkòrò ni. Mo rí wọn nínú òdòdó nígbà tí mo wá."

Òótọ́ ni mo rí kòkòrò. Mo rí èèrà, mo rí oyin, mo rí àwọn kan tí n kò mọ orúkọ wọn. Mo ra oògùn apakòkòrò àti ike tí wọ́n fi ń fín in. Mo ní kí ọmọkùnrin tó ń ran ìyá mi lọ́wọ́ máa fín in láràárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Kàkà kí elégédé so, èyí tó ń yọ bí ọmọ ìka gan-an ń jábọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi oko sílẹ̀ níbẹ̀ ná.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni wọ́n sáré gbé ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin wọ ilé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyá àgbà ló gbé e dání. Itọ́ ń dà lẹ́nu ọmọ náà, òógùn bò ó, ó ń bì, ó ti ṣu sára, àyà rẹ̀ ń hùn. Nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú rẹ̀, dúdú àárín ẹyinjú ti sún kì bí orí abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti rí i rí kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀tá-píá-píá ni. Ìyá àgbà náà ra á nítorí aáyán, wọ́n dà á sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n gbé e sẹ́bàá ibùsùn. Òùngbẹ gbẹ ọmọ, ó rí ìgò tó mọ̀. Kí wọ́n tó gbé e wá, wọ́n ti ro epo pupa sí i lẹ́nu, nítorí ohun tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà ni pé epo ní í pa oró.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, epo pupa kì í pa oró yìí. Mílíìkì kì í pa á. Ẹ má sì ti ìka bọ ọmọ lọ́fun pé kí ó bì í jáde, nítorí ohun tí ń jáde bọ̀ lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà yóò sì di méjì. Ohun tí ẹ óò ṣe kò pọ̀. Ẹ bọ́ aṣọ tí oògùn dà sí kúrò lára rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ara rẹ̀, kí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ fi ọ̀rá bo ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá ń tòògbé, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ mú ìgò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu, kí ẹ sì máa bọ̀ kíákíá. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń dojú kọ oró náà, atropine ni orúkọ rẹ̀, ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti ń fún ni. Léraléra ni a fún ọmọ yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Ọlọ́run ṣàánú. Ọjọ́ kẹrin ló béèrè búrẹ́dì.

Dichlorvos ló wà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ọ̀tá-píá-píá. Oògùn oko ni, kì í ṣe oògùn inú yàrá. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa èyí tó wà nínú ìgò kékeré mìlílítà 100, nítorí pé àwọn ènìyàn ń lò ó nínú ilé, àwọn mìíràn sì ń fi pa ara wọn. Ẹ lọ wo inú ọjà bóyá ó ti tán níbẹ̀.

Àárín òru ni ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí Mọníyà. Ọmọ mi kejì ti lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá mi. Oògùn tí mo rà ń kọ́? Inú kí ni wọ́n tọ́jú èyí tó ṣẹ́kù sí? Mo bọ́ sí ìta wọ́ọ̀dù, mo pe fóònù. Ìyá mi ti sùn, ọmọkùnrin tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ló gbé e. Ó ní ike ti ń jò, nítorí náà òun ti da èyí tó kù sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, ó wà lójú fèrèsé ilé ìdáná.

Orúnkún mi yẹ̀. Èmi nọ́ọ̀sì! Mo ní kí ó dìde lórí ìdúró yẹn, kí ó gbé e síta, kí ó tì í mọ́ inú ilé irinṣẹ́, kí ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ dání di àárọ̀. Bí mo ṣe jáde lẹ́nu iṣẹ́, n kò dé ilé mi, Mọníyà ni mo gbà.

Ibẹ̀ ni mo ti bá Bàbá Àgbẹ̀ tó ń gbé ilé kejì sí ti ìyá mi. Orúkọ tí àdúgbò ń pè wọ́n nìyẹn, nítorí pé iṣẹ́ ọ̀gbìn ni wọ́n ṣe fún ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Wọ́n dúró lẹ́bàá gbọ̀rọ̀, wọ́n fi ọ̀pá wọn gbé ewé sókè.

Wọ́n ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ta ni yóò fún ọkọ ní ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ìyàwó nínú oko yìí? Ẹ ti pa alárinà."

N kò yé wọn. Wọ́n já òdòdó méjì fún mi. Èkíní dúró lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè sì wà láàárín rẹ̀, ó ń kun ọwọ́. Akọ nìyẹn. Èkejì ní elégédé kékeré roboto nídìí, ó tó gólóòbù kékeré. Abo nìyẹn. Wọ́n ní akọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ tan, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni abo yóò tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú ti akọ gbọ́dọ̀ dé inú abo kí elégédé kékeré yẹn tó lè dàgbà. Bí kò bá dé ibẹ̀, yóò jábọ́. Lẹ́búlẹ́bú yìí wúwo, ó lẹ̀, atẹ́gùn kò lè gbé e. Oyin àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ló ń gbé e lára irun wọn láti ilé dé ilé. Ìdájí sì ni òdòdó náà ń là, kí ó tó di ọ̀sán, ó ti pa dé, kò sì ní là mọ́ láéláé. Wákàtí díẹ̀ péré ni oyin ní. Wákàtí yẹn gan-an ni a yàn láti máa fín oògùn.

Ojú tì mí. Ìyá mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, wọn kò sọ nǹkan kan, èyí sì burú ju kí wọ́n bá mi wí lọ.

Yorùbá ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Bàbá Àgbẹ̀ kò pa òwe kankan ní tiwọn. Ìdí ẹ̀gẹ́ ni wọ́n mú mi lọ. Wọ́n bi mí bóyá mo rántí ìgbà tí ẹ̀gẹ́ ń kú. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún lónìí, ẹ ó rántí.

Kòkòrò funfun kan ni, ó dà bíi pé wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun sí i lára. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní apá Kóńgò, kò sì pẹ́ tó fi ràn dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu láti orí, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ. Ewé yóò lọ́ pọ̀ bí ọwọ́ adẹ́tẹ̀, igi yóò ràn, iṣu rẹ̀ kò ní tó nǹkan, igi tí ènìyàn fẹ́ gé gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ kò sì ní dára. Oko mìíràn wà tí èyí tó ju ìdajì irè rẹ̀ lọ ṣòfò. Ẹ ro ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ilẹ̀ tó ń jẹ gààrí láàárọ̀, tó ń jẹ ẹ̀bà lálẹ́, tó tún ń jẹ láfún láàárín. Oògùn kò ràn án, nítorí inú ewé tó lọ́ pọ̀ ni kòkòrò náà ń sá sí, àgbẹ̀ wo ló sì lówó oògùn fún oko ẹ̀gẹ́?

Iléeṣẹ́ ìwádìí IITA tó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967 ló gba ọ̀rọ̀ náà kanrí. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Hans Herren, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Èrò wọn ni pé bí kòkòrò yìí kò bá run ẹ̀gẹ́ ní ìlú rẹ̀, a jẹ́ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ ẹ́. Wọ́n wá a kiri Gúúsù Amẹ́ríkà títí wọ́n fi rí i ní Paraguay lọ́dún 1981. Agbọ́n kan ni, ṣùgbọ́n ẹ má ro agbọ́n tó ń ta ènìyàn. Kò tó mìlímítà méjì. Bí ó bà lé yín lápá, ẹ ó rò pé eruku ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yé ẹyin rẹ̀ sínú ara kòkòrò funfun yẹn, ọmọ tó bá jáde nínú ẹyin yóò jẹ kòkòrò náà láti inú títí yóò fi kú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ná kí ó má baà gbé àrùn mìíràn wọlé, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e wá sí Ìbàdàn. Ọdún 1981 yẹn kan náà ni wọ́n tú u sílẹ̀ sínú oko.

Ó bí sí i, ó fò lọ, wọ́n sì tún tú u sílẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn, títí ó fi tàn ká ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Áfíríkà. Kòkòrò funfun náà kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn rí i pé ẹ̀gẹ́ tún ń ta. Lọ́dún 1995, wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ yìí. Agbọ́n kékeré náà kò gba nǹkan kan.

Bàbá Àgbẹ̀ wá wò mí lójú. Wọ́n ní, "Oògùn tí ẹ ń fín sí gbọ̀rọ̀, ẹ̀gẹ́ ló tẹ̀lé e. Atẹ́gùn ń gbé e dé ibẹ̀. Agbọ́n yẹn ni yóò kọ́kọ́ kú."

Àwọn alárinà mìíràn pọ̀ tí à ń jẹ lára wọn láìmọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kòkó ní Oǹdó tàbí ní Ọ̀ṣun, eṣinṣin wínníwínní kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ló ń mú kí òdòdó kòkó di èso, inú ewé tó ń jẹrà àti èèpo kòkó tó ń rà nílẹ̀ ló sì ń pamọ sí. Ẹ má gbá abẹ́ kòkó mọ́ bí ààfin. Ní ti ọ̀pẹ, kòkòrò dúdú kékeré tó ń gbé inú ìtànná akọ ló ń ṣe é. Nígbà tí àwọn ará Malaysia gbin ọ̀pẹ lọ títí láìní kòkòrò yìí, ènìyàn ni wọ́n ń háyà láti máa fi ọwọ́ gbé lẹ́búlẹ́bú láti ìdí ọ̀pẹ kan dé òmíràn. Ọdún 1981 ni wọ́n gbé kòkòrò náà lọ síbẹ̀ láti Kamẹrúùnù, iṣẹ́ ọwọ́ sì dópin. Epo tó wà nínú ìkòkò yín, kòkòrò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn kan nínú yín yóò máa wí pé nọ́ọ̀sì ti di agbẹjọ́rò kòkòrò. Rárá o. Ẹ̀fọn ń fa ibà, ibà sì ń pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Eṣinṣin ń gbé ìdọ̀tí wá sórí oúnjẹ. N kò bẹ̀bẹ̀ fún èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ fi nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fi oògùn sí bo ibùsùn, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé, ẹ da omi tó dúró sínú agolo àti táyà nù, ẹ bo gorodóòmù, ẹ bo oúnjẹ, ẹ kó pàǹtírí kí ilẹ̀ tó ṣú. Aáyán kì í gbé ilé tí kò ti rí jẹ. Bí ó bá di dandan kí ẹ fín oògùn, kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún inú ilé, kí àwọn ọmọ àti ẹni tó ní ikọ́ fée wà níta, kí ó sì máa gbé inú ìgò tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ lára, ní ibi gíga tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin àgbà tí ojú kò ríran dáadáa mọ́, èyí kàn yín ju àwọn ọmọ lọ. Mo ti rí bàbá tó jí lóru wá omi tó sì gbé ìgò tí kì í ṣe omi.

Ọmọńlé pẹ̀lú ńkọ́? Bí a bá rí i lára ògiri, bàtà lókè, ìgbálẹ̀ lókè. Wọ́n ní oró wà lára rẹ̀, pé bí ó bá já sínú ọbẹ̀, ó ti pa gbogbo ilé. Ọmọńlé kò ní oró. Ìgbẹ́ rẹ̀ ló lè ní kòkòrò àrùn tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, nítorí náà, ẹ bo ìkòkò, ẹ sì nu ibi tó bá ṣu sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀fọn àti ọmọ aáyán ló ń jẹ kiri lóru nígbà tí ẹ ń sùn, kò sì béèrè owó oṣù.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Mọníyà. A kó oògùn náà kúrò. Kò sí oyin fún bí ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀, nítorí náà Bàbá Àgbẹ̀ kọ́ wa ní ohun tí ènìyàn lè ṣe, ẹ̀yin tí ẹ ń gbin elégédé sínú àpò lẹ́yìn ilé ní ìgboro lè ṣe é pẹ̀lú. Ẹ jí ní kùtùkùtù. Ẹ já òdòdó akọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ẹ fa ewé òdòdó rẹ̀ ya kí ó ku ọ̀pá àárín tó ní lẹ́búlẹ́bú. Ẹ fi rọra pa àárín òdòdó abo, yíká yíká. Akọ kan tó abo méjì tàbí mẹ́ta. Ọmọ mi ló ń ṣe é láràárọ̀ títí ọlidé fi parí, ó ní òun ni oyin.

Nígbà tó yá, oyin gidi padà. Ìyá mi pè mí lọ́jọ́ kan, mo rò pé ara wọn kò yá. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀, kí n gbọ́. Wọ́n gbé fóònù sẹ́bàá òdòdó kan. N kò gbọ́ ju atẹ́gùn lọ, ṣùgbọ́n mo ní mo gbọ́.

Elégédé mọ́kànlá la kó lọ́dún náà. Bàbá Àgbẹ̀ gba méjì. Ìyá mi kò tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ẹ̀yìnkùlé kí aago mẹ́wàá tó lù, wọ́n ní àwọn aláṣọ ìyeyè ń gba àlejò.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Àwọn tó kọ̀wé béèrè nípa eyín ọmọ tuntun, mo ti rí lẹ́tà yín, ọ̀rọ̀ yín ló kàn.